Ẹ̀yin Tẹ́ Ò Jẹran Mọ́, Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Ra B12

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ la gbé dé lónìí. Kì í ṣe ti owó oúnjẹ o. Ìyẹn a ti kọ ọ́ títí ó ti sú wa. Ti àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n ti fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ pátápátá ni, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní vegan.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dé àárín wa, ẹ̀rín la fi ń rín. Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní FUTA, láti 100 level ló ti sọ pé òun ò jẹ ohun ẹlẹ́mìí mọ́. Tá a bá jọ lọ jẹun ní South Gate, àfi kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá màmá olóúnjẹ lẹ́nu wò: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé edé wà nínú mọ́ínmọ́ín yìí? Ṣé omi ẹran lẹ fi se ọbẹ̀ yẹn?” Màmá á wò ó látòkè délẹ̀, á ní, “Ọmọ mi, ṣé èèwọ̀ ilé yín ni, àbí o ti wọ ẹgbẹ́ kan?” Gbogbo àwa tá a tò sẹ́yìn á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á gba ẹ̀wà àti dòdò, á wá ibi jókòó sí.

Ká sọ òótọ́, ó ń jẹun dáadáa jù wá lọ. Nígbà tí àwa ń fi Indomie sun lálaalẹ́, òun á ti lọ sí Ọjà Ọba lọ ra tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, ẹ̀gúsí àti olú, á sè é, ilé á máa ta sánsán. Kò fi oúnjẹ yangàn sí ẹnikẹ́ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pa màlúù lòun rí tí òun ò fi lè jẹ ẹ́ mọ́, ó tán. Ìyẹn ò ṣe wá ní nǹkan kan.

Ní 400 level, ìgbà tó ń múra àtilọ ṣe IT, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ òun ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀. A ní bóyá ó ń pẹ́ jù lórí ìjókòó ni. Nígbà tó yá, sílípáàsì á bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ lọ́nà balùwẹ̀, kò ní mọ̀, àfi tí ẹnìkan bá pè é padà. Ahọ́n ń ta á. Ó ń gbàgbé nǹkan, ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń kọ́ wa ní ìṣirò tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, PCV ẹ̀ pé. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un lóògùn ibà. Ó padà lọ, wọ́n ní ìwé ló ń rò jù, kó lọ sinmi, kó máa lo folic acid àti B-complex. Ó lò ó. Ẹsẹ̀ náà sì ń kú lọ.

Ẹni tó já ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀kan nínú wa tó wà ní UNIMED, ní Oǹdó. A lọ kí i lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó gún iyán fún wa, ó sì bu ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran sọ́tọ̀ fún ọ̀rẹ́ wa. Bá a ṣe ń jẹun la ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Ó dá ọwọ́ dúró. “Ọdún kélòó rèé tó o ti ń jẹ báyìí? Kí lo ń lò fún B12?” Ọ̀rẹ́ wa ní òun ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ó ní, “Mi ò bi ẹ́ léèrè ẹ̀fọ́.” Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè wọn B12 inú ẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó kéré débi pé ọjọ́ náà gan-an ni dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́.

Nítorí náà, ohun tá a fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí kò bá jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá gbọ́dọ̀ máa lo fítámì B12. A ò sọ pé ó dáa kó lò ó. Ó gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tó bá sì ń wàásù pé kí èèyàn fi ẹran sílẹ̀, tí kò sọ èyí mọ́ ọn, kò ṣe wá lóore.

Ìdí ẹ̀ rèé. Kò sí ewéko tó ń ṣe B12. Ẹran gan-an ò lè ṣe é. Bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú ò rí, nìkan ló ń ṣe é. Màlúù á jẹ koríko, bakitéríà inú àpòlúkù ẹ̀ á mú cobalt tó wà nínú koríko náà, wọ́n á fi ṣe B12. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ kejì, cobalamin, ti wá. Ara màlúù á gbà á, á kó o pamọ́ sínú ẹran àti ẹ̀dọ̀. Àwa náà ní irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ nínú ìfun ńlá, ṣùgbọ́n ìparí ìfun kékeré ni ara wa ti ń gba B12 wọlé, ìyẹn sì ti wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ore á tètè yé: Oǹdó lẹni tó fẹ́ rajà dúró sí, Ore ni ọjà wà, ọkọ̀ kì í sì í yí padà.

Ó níye tí ara ń fẹ́ lójúmọ́, kò pọ̀ rárá: máíkírógíráàmù 2.4 fún àgbàlagbà. Ti odindi ọdún kan ò tó mílígíráàmù kan. Bí nǹkan bá kéré tó báyìí, ó rọrùn láti rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń tọ́jú awọ tó bo àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Tí awọ yẹn bá ti ń jẹrà, ẹsẹ̀ á máa kú, ìrìn á máa mẹ́hẹ, iyè á máa fò. Tí wọ́n bá tètè mọ̀, á lọ. Tó bá pẹ́, òmíì kì í lọ tán.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé kì í yá. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń kó B12 pamọ́, èyí tó kó pamọ́ sì lè tó ná fún ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún. Ẹja Títù, ẹyin àti ṣàkì tí ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà nílé la gbé wá sí yunifásítì nínú ẹ̀dọ̀, bí owó tí bàbá fi sí báǹkì fúnni. Ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ ní 100 level ń yọ owó náà ná díẹ̀díẹ̀, kò sì sí alẹ́ẹ̀tì kankan tó ń wọlé sórí fóònù ẹ̀. Ọdún kejì, ara ẹ̀ fúyẹ́, á ya fídíò sórí status: “Ọdún méjì láìjẹran, mi ò lo súpílímẹ́ǹtì kankan, ẹ wo bí ara mi ṣe ń dán!” Òótọ́ ló ń sọ. Àṣẹ́kù ló ń jẹ. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ la gbọ́ tí àwa náà fi rò pé kò sí wàhálà.

Ẹ wá wo folic acid. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, hóró kékeré tí kò wọ́n, tí àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ń lò lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fún aláboyún, tí àwa yòókù náà sì ń jù sẹ́nu tí ojú bá ti ń ṣú wa. Oògùn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n tí B12 bá ń dín lára, folic acid lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pé, kó má sì ṣe nǹkan kan fún iṣan. Ẹ̀fọ́ tútù gan-an kún fún irú fítámì yìí, ẹni tí kò jẹran sì ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀. Nítorí náà PCV á dáa, dókítà á ní kó máa lọ ilé, ìparun á sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ wa gan-an nìyẹn. A ò dá ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́bi púpọ̀. Èèyàn mélòó ló ń wọlé tọ̀ ọ́ lójúmọ́ tó sọ pé òun ò jẹ ẹja? Ọ̀rẹ́ wa náà ò sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ò jẹran, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín.

Kì í ṣe wa ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ Vegan Society sílẹ̀ nílùú Òyìnbó. Lásìkò yẹn, àwọn dókítà ti mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹran tó ń wo irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń pààyàn. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Whipple, Minot àti Murphy, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1934. Ẹ̀dọ̀ tí àwọn aláìsàn ìgbà yẹn ń jẹ lójúmọ́ pọ̀ débi pé òórùn ẹ̀ á ti máa rí wọn lára. Ṣùgbọ́n ọdún 1948 ni wọ́n tó yọ nǹkan náà jáde, ó pupa bí osùn, wọ́n pè é ní B12. Ìyẹn ni pé àwọn tó kọ́kọ́ di vegan fi ọdún mẹ́rin gbáko ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó kù nínú abọ́ wọn. Ní 1955, ìwádìí jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi hàn pé ahọ́n ń dun òmíì nínú wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń rin wọ́n. Àwọn wọ̀nyẹn ní àwáwí. Vegan Society fúnra ẹ̀ ló ń sọ fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ lónìí pé kí wọ́n máa lo B12. Àwa tá a ń gbé ìròyìn kiri lórí WhatsApp ní Àkúrẹ́, àwáwí wo la ní?

Àwọn kan á ní, “Ìrú ńkọ́? Ṣebí ìrú ń kẹ, bakitéríà sì ni ó ń jẹ́ kó kẹ.” Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, a sì fẹ́ràn ìrú o. Ṣùgbọ́n bakitéríà tó ń ṣe ìrú kì í ṣe èyí téèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé fún B12. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògì. Moringa ò ní in. Spirulina tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ní nǹkan kan tó jọ ọ́, àmọ́ ara wa ò lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Olú ò kún un. Kò sí ìjà nínú ẹ̀; bó ṣe rí nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni kẹ́mísì. Ọ̀rẹ́ wa lo B-complex, ó sì rò pé B12 wà nínú ẹ̀, nítorí pé B ni gbogbo wọn. Ẹ yí ẹ̀yìn ike náà padà kẹ́ ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn hóró kéékèèké olówó pọ́ọ́kú yẹn jẹ́ B1, B2 àti B3, ó tán. B12 ò sí níbẹ̀. Àwọn míì tún wà tó kó B1, B6 àti B12 pọ̀, tí wọ́n ń fún àwọn tí iṣan ń dùn. B12 wà nínú ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n B6 tó pọ̀, téèyàn lò fún ìgbà pípẹ́, lè ba iṣan jẹ́ fúnra ẹ̀. Kò yẹ kéèyàn fi ohun tó ń ba iṣan jẹ́ sá fún ìbàjẹ́ iṣan. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni B12 nìkan, tí wọ́n kọ cyanocobalamin sí lára, tó sì ní nọ́ńbà NAFDAC. Tó bá jẹ́ kápúsù ni, ẹ mọ̀ pé gelatin tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, ti ara ẹran ló ti wá. Ẹni tó bá ká lára kó ra oníhóró.

Ìwọ̀n ńkọ́? Ohun tí Vegan Society ń sọ ni máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, ó kéré tán, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó jọ pé ìṣirò náà ò bára mu, nítorí pé 10 lọ́nà méje ò ju 70 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé B12 wọlé nínú ìfun kì í lè gbé ju bíi máíkírógíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀kadà tí kò lè gbé ju èrò méjì. Èyí tó kù, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló ń yọ́ wọlé fúnra ẹ̀. Nítorí náà bó ṣe ń pẹ́ kéèyàn tó lò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá rí ike oníhóró 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1000, méjì lọ́sẹ̀, ike kan á gbé yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Ẹ fi iye yẹn wé dátà tẹ́ ẹ ń rà lóṣù kan.

A ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa ta ọjà. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú báàgì súpílímẹ́ǹtì, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra ike mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì mú ẹni mẹ́ta wọlé sábẹ́ yín. Ẹni tí kò jẹran ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ò nílò gbogbo ẹrù yẹn. Epo pupa tí wọn ò tíì yọ́ débi tó fi funfun ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A. Oòrùn wà níta lọ́fẹ̀ẹ́ fún fítámì D. Áyódíìnì wà nínú iyọ̀ tí a ń rà láti ìgbà tí ìjọba ti pàṣẹ ẹ̀. Irin wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ẹ fi ọsàn sí i, kẹ́ ẹ má mu tíì mọ́ ọn, ara á gbà á dáadáa. B12 nìkan ni kò síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún fi èyí sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kú ni B12 á wò. Ní ọdún 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Ìbàdàn kọ ìwádìí ńlá kan lórí àwọn ará ilẹ̀ wa tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣú, tí wọn ò lè rìn gan-an mọ́. Ọ̀kan nínú ibi tí àìsàn yìí ti pọ̀ ni Òṣósà, ní Ìjẹ̀bú, ìlú Hubert Ogunde. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ láìsí ohun míì tó ṣara lóore ni wọ́n fura sí, nítorí májèlé cyanide inú ẹ̀. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi irú B12 kan dán an wò fún àwọn aláìsàn náà. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti ń kú, kó má lọ ra hóró kó máa dá ara ẹ̀ tọ́jú. Kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìyẹn rán wa létí àwọn tí kì í jẹran nítorí pé owó ò sí. Gààrì láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, ìrẹsì tí epo nìkan pọ́n lálẹ́, títí sẹ̀mẹ́sítà á fi parí. Ẹ̀yin ò pe ara yín ní vegan, ẹ ò sì fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tiyín rọrùn díẹ̀: ẹ ò nílò oògùn, ẹja lẹ nílò. Ẹja Títù kékeré kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹyin díẹ̀, edé nínú ọbẹ̀, wọ́n ń dá ohun tẹ́ ẹ ná padà. Pọ̀nmọ́ máa ń kún ẹnu, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ kàn yín náà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bímọ. Obìnrin tí kò jẹran, tó lóyún, á lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún un ní folic acid àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí B12 nínú ẹ̀. Ọmọ náà á bí pẹ̀lú àṣẹ́kù kékeré, wàrà ọmú ìyá ò ní ní tó, láàárín oṣù díẹ̀ ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín, tó ti ń gbé orí dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Wọ́n ti kọ èyí sílẹ̀ lọ́pọ̀ ilẹ̀. Ìyá tó bá ń lo B12 kò ní rí i.

Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní UNIMED máa ń jáde lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fáwọn ará ìlú Oǹdó. A bẹ̀ yín, ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ bá ń wọn ní ìbéèrè kan sí i: “Ṣé ẹ ń jẹ ẹja tàbí ẹyin?” Ẹ̀yin olórí fellowship tẹ́ ẹ ń gbààwẹ̀ ẹran látoṣù dóṣù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta smoothie ní North Gate, ẹ̀yin admin àwọn gúrúùpù tó ń kọ́ni bí a ṣe ń se ẹ̀gúsí láìsí ẹran, ẹ lẹ B12 mọ́ òkè gúrúùpù yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ní kẹ́mísì ní Àkúrẹ́, ẹ bá wa kó B12 nìkan wálé. Nígbà tá a ń wá ti ọ̀rẹ́ wa, ilé oògùn mẹ́rin la wọ̀ kí a tó rí i. Àwa yòókù tá a ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nílé oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Nítorí yẹ̀yẹ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ wa ò fi fẹ́ sọ fún dókítà ohun tó ń jẹ.

Ó ti parí abẹ́rẹ́ báyìí, hóró ló ń lò, lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́rú. Ó ti lọ ṣe IT, ó sì ti dé. Kò padà sídìí ẹran, a ò sì bẹ̀ ẹ́. Sílípáàsì ò bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀ mọ́. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò tíì mọ̀ téèyàn bá fọwọ́ kàn án, dókítà sì ní kó fún un ní oṣù mẹ́fà sí i kí wọ́n tó sọ bóyá á padà.